Ẹni Kejìlá nínú Àáró

Nígbà tí wọ́n tú Lábọ̀dé sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́, ní ọdún kẹrin tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira, wọn kò tú u sílẹ̀ tán. Ọdún márùn-ún ni adájọ́ dá fún un, mẹ́ta ló ti lò. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwà rẹ̀ ti yí padà, pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, pé ó ti mọ ìwé kà díẹ̀. Nítorí náà, ìjọba ní kó máa lọ sílé, kó lọ fi hàn pé òun ti di èèyàn. Ohun tí yóò fi hàn náà kò ṣòro láti lóye: ẹgbẹ̀rún ebè iṣu, tí ó ti gbìn, lórí ilẹ̀ tirẹ̀, kí oṣù kẹrin tó parí. Akọ̀wé kan yóò ti bùrò ìjọba ní Kétu wá kà wọ́n. Bí wọ́n bá pé, ọdún méjì tó kù ti wọlẹ̀ nìyẹn. Bí wọn kò bá pé, Lábọ̀dé yóò padà lọ lò ó.

Abúlé rẹ̀ kò jìnnà sí Ìdígní. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ní ọdún tí èbù tirẹ̀ jẹrà, ó wọ inú àká Gaston ní ọjọ́ ọjà, nígbà tó rò pé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó sì di ẹrù èbù méjì. Ní àgbègbè yẹn wọn kì í fi olè èbù wé olè iṣu jíjẹ, nítorí oúnjẹ odindi ọdún tó ń bọ̀ ló wà nínú èbù. Gaston ká a mọ́ ibẹ̀. Lábọ̀dé la igi mọ́ ọn lójú, ojú ọ̀tún Gaston sì fọ́ pátápátá. Èbù náà kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà àká tí wọ́n fi mú un.

Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni Barnabé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ọkùnrin tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Barnabé fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé. Ó fi ilẹ̀ kan hàn án tí igbó ti bò mọ́lẹ̀ láti ayé bàbá wọn. Lẹ́yìn náà ló fa ọkọ́ kan yọ láti orí àjà.

"O ò ní ọkọ́," ni ó wí.

"N ò ní, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an."

Lábọ̀dé gba ọkọ́ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba ọkọ́ ní àràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní oko ẹ̀wọ̀n, ìjọba ló ni gbogbo ọkọ́. Gáádì á pín wọn láàárọ̀, á kó wọn padà nírọ̀lẹ́, ẹlẹ́wọ̀n kì í sì í béèrè ẹni tó ni èyí tó bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Oṣù kan àti ààbọ̀ ló fi ṣán igbó náà, tó fi sun ún, tó fi hú kùkùté. Òun nìkan ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, ó rí i pé ọkùnrin kan ṣoṣo kò lè kọ ẹgbẹ̀rún ebè lórí ilẹ̀ líle bẹ́ẹ̀ kí oṣù kẹrin tó parí. Àáró ló kù. Àwọn ọkùnrin mọ́kànlá ló wà nínú àáró abúlé náà. Lónìí gbogbo wọn yóò ṣe oko ẹnì kan, ní ọ̀tunla wọn yóò ṣe ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Barnabé wà lára wọn. Gaston sì ni olórí wọn.

Lábọ̀dé lọ bá Gaston nílé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti ronú ohun tí yóò sọ láti Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ ojú àti ọ̀rọ̀ ìdáríjì, ṣùgbọ́n Gaston kò jẹ́ kó débẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. O fẹ́ wọ àáró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, bí ẹ bá lè gbà mí."

"Ẹni tó bá dé kẹ́yìn, oko tirẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Ìwọ ni ẹni kejìlá. Wá lọ́tunla, kí o sì tètè dé."

Ọkàn Lábọ̀dé balẹ̀ lọ́jọ́ náà bí kò ṣe balẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ó ránṣẹ́ sí Sidonie, ìyàwó rẹ̀, tó wà nílé bàbá rẹ̀ ní Odómẹ̀ta pẹ̀lú Agathe, ọmọ wọn obìnrin. Bàbá Sidonie ti búra pé ọmọ òun kò ní padà sílé ọkọ tí kò ní oko. Sidonie fúnra rẹ̀ kò jókòó lásán. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣa èbù pamọ́ láti inú oko kékeré tí bàbá rẹ̀ fún un, ó sì ti tó ẹgbẹ̀rún. Ó ní kí wọ́n sọ fún bàbá Agathe pé ní ọjọ́ àáró rẹ̀ òun yóò wá dáná.

Àáró bẹ̀rẹ̀ lápá ìparí oṣù kẹta. Lábọ̀dé ṣe iṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ẹ̀wọ̀n. Ìlà rẹ̀ tọ́ bí okùn tí a fà. Kì í nà ró kó gba atẹ́gùn, kì í dá ẹ̀rín, nígbà tí àwọn yòókù bá sì fi máa dé àárín ìlà, tirẹ̀ á ti parí. Ó rò pé àwọn èèyàn yóò rí i pé òun ti yàtọ̀. Wọ́n rí i lóòótọ́.

"Lábọ̀dé, rọra o! Gáádì ò sí lẹ́yìn rẹ mọ́."

"Ẹ jẹ́ kó máa sáré. Ẹ ò rí i pé òjìji ọ̀pá ṣì ń lé e?"

"Ó ti parí tirẹ̀? Fún un ní ìdajì tèmi. Ẹ̀yìn ń ro mí."

Ó gba ìdajì tiwọn. Ó ń gbà á lójoojúmọ́.

Ohun kan wà tí kò lè fi sílẹ̀. Ní oko ẹ̀wọ̀n, bí ìtọ̀ bá gbọ̀n èèyàn, ó ní láti ṣí fìlà, kó dúró ṣánṣán níwájú gáádì, kó tọrọ àyè. Ní ọjọ́ kejì àáró, kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ṣí fìlà níwájú Gaston.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ sínú igbó."

Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí ebè. Gaston nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ojú kan ṣoṣo náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Rárá," ni ó wí. "Dúró ná."

Lábọ̀dé dúró. Ó dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, nínú oòrùn, títí Gaston fi kọ ebè márùn-ún. Ìgbà náà ni Gaston mi orí pé kó máa lọ. Láti ọjọ́ náà ó di eré wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín á ní, "Lábọ̀dé, ṣé ìtọ̀ ò gbọ̀n ọ́?" Ó fara dà á. Ó ń ka oko tó kù: mẹ́jọ, márùn-ún, méjì. Nígbà tí wọ́n ṣe oko Gaston, òun nìkan kọ igba ebè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. Gaston rìn gba ìlà náà kọjá, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ebè kan wò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tirẹ̀ pé. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí akọ̀wé dé.

Sidonie ti dé láti ìrọ̀lẹ́ àná, ó gbé Agathe pọ̀n, wọ́n sì fi ẹrù èbù dí yàrá náà títí dé àjà. Kí oòrùn tó yọ, ó ti dáná lẹ́bàá oko. Ó ro ọkà àgbàdo tí ọkùnrin méjìlá yóò jẹ yó, ó se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀, ó pọn omi ìkòkò méjì. Lábọ̀dé ti fa okùn sórí ilẹ̀, ó ti fi èèkàn sàmì sí ìlà olúkúlùkù. Ó dúró lójú ọ̀nà.

Oòrùn yọ. Ìrì gbẹ. Kò sí ẹni tó wá.

"Bóyá ẹnì kan ló ṣaláìsí," ni Sidonie wí.

"À bá ti gbọ́ igbe."

Sidonie dẹ etí sí apá ìsàlẹ̀. "Bàbá Agathe, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Gbọ́ ọ."

Lóòótọ́, ìró ọkọ́ ń bọ̀, àti ẹ̀rín. Láti oko Barnabé ni.

Nígbà tí Lábọ̀dé dé ibẹ̀, gbogbo wọn ló bá, àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá, nínú ìlà. Wọ́n ti kọ ebè tó igba. Gaston gbójú sókè.

"O pẹ́. Ìlà rẹ wà lápá ibẹ̀ yẹn, a ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Bàbá Gaston, oko mi ló kàn lónìí. A ti ṣe ti Bàbá Barnabé lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Òótọ́ ni. Ọwọ́ kan, ìyẹn ìpín kan, ló gbà nígbà náà. Ó ní ọwọ́ méjì nínú àáró yìí, èkejì ló ń gbà lónìí." Gaston na ọwọ́ sí i. "Ọkọ́ ta nìyẹn?"

Lábọ̀dé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òye ohun tó ṣẹlẹ̀ yé e lójú ẹsẹ̀, nítorí ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó bá wọ àáró, ọkọ́ tirẹ̀ ló ń gbé wá. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló yá ọkọ́, yóò yọ igi rẹ̀ dànù, yóò gé igi tuntun sí i fúnra rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì rí i. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ ẹlòmíràn wá bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ọkọ́ ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ìwọ̀fà ṣe ń ṣe nìyẹn láyé àtijọ́: wọ́n ń fi ọkọ́ olówó wọn ṣe àáró olówó wọn. Ọmọdé ọlọ́dún méje mọ̀ ọ́n. Lábọ̀dé náà mọ̀ ọ́n kó tó lọ gba ọkọ́ ìjọba ní àràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta.

"Ti Bàbá Barnabé ni," ni ó wí.

"Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi lé mi lọ́wọ́."

"Èmi ni," ni Barnabé wí. Kò wò ó lójú. "Ṣé èmi ni mo ní kí o gbé e wá síbí láìgé igi sí i?"

"Ẹ rí mi pẹ̀lú ẹ̀ lójoojúmọ́!"

"Mo rí ọ. O ò bi mí ní nǹkan kan."

"Bàbá Gaston, ẹ̀yin náà rí i?"

"Ojú kan ló kù fún mi," ni Gaston wí, "mo sì fi rí i ní ọjọ́ kìíní, kí o tó dé ibi tí mo wà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Ìtọ̀ á wá gbọ̀n ọ́n wàyí." Gaston nàka sí ìlà tó ṣófo náà, bí gáádì ṣe ń nàka.

"Ìlà rẹ nìyẹn."

Ohun tí Lábọ̀dé kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ ni pé ó lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ebè mẹ́ta, wọ́n tọ́, wọ́n dọ́gba, kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìgbà náà ló gbé ọkọ́ náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Barnabé, ó sì jáde kúrò nínú oko.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan náà ni òun àti ọkùnrin méjì jọ dé ọ̀dọ̀ Sidonie. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́. Wọ́n ní Barnabé kò dáná, pé àáró kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ebi, pé kí ìyá Agathe jọ̀wọ́ gbé ọkà náà fún àwọn. Sidonie gbé ìjókòó rẹ̀ sórí ọmọrí ìkòkò.

"Ẹ wá gbé mi kúrò lórí ẹ̀."

Wọ́n wò ó, wọ́n wo ọmọ orógùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni tọkọtaya náà fi jẹ ọkà yẹn, títí ó fi kan, nítorí Sidonie kò gbà kí wọ́n da oúnjẹ nù.

Ó lọ sí Odómẹ̀ta, ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọkọ́ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Láti ìgbà náà wọn kò sinmi. Lábọ̀dé ń kọ ebè, Sidonie ń gbìn tẹ̀ lé e, Agathe ń jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú eruku lójú. Ilẹ̀ náà kún fún gbòǹgbò. Nígbà mìíràn, ebè kan á gbà á tó àkókò tí ènìyàn fi ń jẹun. Nígbà tó ku ọ̀la kí akọ̀wé dé, wọ́n kà wọ́n: ọ̀ọ́dúnrún lé ogójì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Barnabé wá. Ó jókòó lórí kùkùté, ó ń fi ewé nu bàtà rẹ̀.

"Ebè tí wọ́n kọ fún mi lé ní ẹgbẹ̀rún," ni ó wí. "Mo ti gbìn wọ́n. Bí akọ̀wé bá dé lọ́la, màá mú un lọ síbẹ̀, màá ní tìrẹ ni. Onígbọ̀wọ́ ni mí, èmi ni yóò gbà gbọ́."

Sidonie kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. "Bàbá, ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun o!"

"Kí ni màá ṣe fún yín?" ni Lábọ̀dé bi í.

"Wàá wà lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ oko mi ni wàá máa ṣe. Ìyàwó rẹ náà lè wá, iṣẹ́ obìnrin pọ̀ nílé mi."

"Fún ọdún mélòó?"

"Ṣé a máa ń ka ọdún láàárín ẹbí ni?"

"Bàbá, ẹ sọ iye kan."

"Títí ọkàn mi yóò fi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ." Barnabé dìde. "Ẹnu mi ló mú ọ wálé. Ẹnu mi náà lè dá ọ padà. Rò ó."

Nígbà tó lọ tán, Sidonie di ọkọ rẹ̀ lápá mú. "Gbà. Mo bẹ̀ ọ́, bàbá Agathe, gbà. Èyí tó o bá ń ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, màá máa rí ọ lójoojúmọ́. N ò tún lè dúró de ẹlẹ́wọ̀n mọ́."

Lábọ̀dé gbé ọkọ́ lé èjìká, ó gba ọ̀nà ilé.

Akọ̀wé náà ń jẹ́ Clément, ọ̀dọ́kùnrin tó tinrín, tí ṣòkòtò rẹ̀ mọ́, tí kò fẹ́ kí nǹkan gba àkókò òun. Ó gun alùpùpù mọ́bílẹ́tì dé nígbà tí oòrùn ti ga. Ó rìn gba inú oko Lábọ̀dé kọjá, ó ń fi bírò sàmì sínú ìwé. Abúlé ti pé jọ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀ọ́dúnrún lé ogójì. Ìwé ní ẹgbẹ̀rún." Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ṣé ọ̀lẹ ni?"

"Ọ̀lẹ kẹ̀?" ni Gaston wí. "Ọ̀gá, a ò rí irú rẹ̀ rí. Òun nìkan kọ igba ebè lọ́jọ́ kan lóko mi. Bí ẹ bá ní kó ṣe é, yóò ṣe é. Bí ẹ bá ní kó dúró, yóò dúró."

Wọ́n ní òótọ́ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yìn ín, kò sì sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ.

Barnabé wá síwájú, ó wú ikọ́. "Ọ̀gá, eléyìí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó pọ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Clément rí oko náà, gígùn, títọ́, tí ewé gbígbẹ bo orí ebè kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ tú ká.

"Tìrẹ ni èyí?"

Gaston ń wo ilẹ̀. Lábọ̀dé wo Sidonie, ó wo Barnabé, ó wá kọjú sí akọ̀wé.

"Ọ̀gá, bí mo bá padà, ìgbà wo ni màá jáde?"

"Ọdún méjì géérégé láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́ wọlé."

"Ọjọ́ náà, ṣé wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Wọn yóò kọ ọ́, wọn yóò sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Kí ló dé?"

"Ti Bàbá Barnabé ni oko yìí," ni Lábọ̀dé wí. "Tèmi ni èyí tẹ́ ẹ ti kà."

Barnabé bú u. Ó bú u ní gbangba, ó pè é ní aláìmoore, ó ní olè ni yóò máa jẹ́ títí tí yóò fi kú. Clément kò tẹ́tí sí i. Ó gbé ìwé lé orí àga mọ́bílẹ́tì, ó ń kọ̀wé, Lábọ̀dé sì kà á láti òdìkejì, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ ní èdè Faransé díẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n: *Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lábẹ́ àṣẹ. Kò lè dá dúró. Kí wọ́n dá a padà sí oko ẹ̀wọ̀n.*

Sidonie ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èbù tó kù sínú apẹ̀rẹ̀. Kò sunkún. Lábọ̀dé dúró tì í.

"Ìyá Agathe."

"Mo ti sọ fún ọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ní, mo sì ti ná an tán." Ó so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó dìgbà."

Ó gba ọ̀nà Odómẹ̀ta. Agathe nìkan ló wẹ̀yìn.

Clément kò ní okùn, kò sì fẹ́ gbé ẹlẹ́wọ̀n sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí Lábọ̀dé máa rìn lọ níwájú, òun yóò máa rọra bọ̀. Wọ́n kọjá àwọn ilé tó kẹ́yìn. Ìyangbẹ ilẹ̀ ni, ọ̀nà pupa, ooru ń jáde láti ilẹ̀. Wọ́n ti rìn tó wákàtí kan kí Lábọ̀dé tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, òní ńkọ́? Ṣé òní wà lára ọdún méjì náà?"

Clément wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bí a bá dé kí wọ́n tó ti bùrò, wọn yóò kọ òní. Bí a kò bá bá wọn, ó di ọ̀la."

"Aago mélòó ni wọ́n ń tì í?"

"Mẹ́fà. A ò lè bá a mọ́, ọ̀nà ṣì jìn."

Lábọ̀dé bọ́ bàtà rẹ̀, ó kì í bọ abíyá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Clément kígbe pè é lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé ó ń sá lọ, ó wá rí i pé ọ̀nà Kétu gan-an ló kọjú sí. Ó fi kún eré mọ́bílẹ́tì rẹ̀ kí Lábọ̀dé má baà fi í sílẹ̀.